Adágún Kàíńjì: Omi Ìgbafẹ́ àti Ìtàn Tí Ó Wà Lábẹ́ Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Bí ó bá jẹ́ ti omi tí a ń mu, tí a fi ń se oúnjẹ, tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun, kò sí ẹni tí yóò ja ọ̀rọ̀ náà níyàn. Ṣùgbọ́n omi tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ sé, tí ó wá tẹ́jú lọ bí pápá tí ojú kò rí òpin rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ a máa ní olólùfẹ́, a sì máa ní ẹni tí ń fi ojú burúkú wò ó. Ẹni tí ó wá gbafẹ́ létí rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi, tí ó ń wo ẹyẹ àti erinmi, inú rẹ̀ a dùn. Ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ omi kan náà kò lè fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò ó. Adágún Kàíńjì, tí ó wà lórí Odò Ọya ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, ni ó tóbi jù lọ nínú gbogbo omi tí ènìyàn sé ní Nàìjíríà, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ yìí bá mu jù.

Ènìyàn lè béèrè pé kí ni ó kan ará Kàbà nínú ọ̀rọ̀ Kàíńjì. Ó kàn án gidigidi. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12 ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, inú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kó Kàbà àti Búsà sí. Ìpínlẹ̀ náà ni a wá mọ̀ sí Kwara, èyí tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí àwọn ará òkè ń pe Odò Ọya. Ọdún 24 ni àwọn méjèèjì fi jẹ́ ọmọ ilé kan náà. Nígbà tí ó di ọdún 1991, tí ìjọba tún ìpínlẹ̀ pín, ilẹ̀ Kàbà bọ́ sí ìpínlẹ̀ Kogi, ilẹ̀ Ìbàrìbá tí Kàíńjì wà bọ́ sí ìpínlẹ̀ Niger. Nítorí náà, fún ọdún 24, bí ará Okun bá fẹ́ fi adágún ńlá kan yangàn pé ti ìpínlẹ̀ òun ni, Kàíńjì ni yóò dárúkọ. Ohun mìíràn tún wà tí ó ju ti ìṣèlú lọ: gbogbo omi tí ó bá ti ẹnu ilẹ̀kùn irin Kàíńjì jáde, Lọ́kọ́jà ni ó ń bọ̀.

Okun tí a ń sọ yìí kì í ṣe òkun oníyọ̀. Ìkíni àwọn ènìyàn náà ni ó di orúkọ wọn, àwọn Owé tí ó wà ní Kàbà, àwọn Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọrọ̀. Ilẹ̀ àpáta àti òkè ni ilẹ̀ wọn. Odò Òyì àti Odò Kámpè la ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì ń ṣàn lọ sínú Odò Ọya. Àwọn Ọ̀wọrọ̀ ni ó sún mọ́ Odò Ọya jù, nítòsí Lọ́kọ́jà níbi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Lójú àwọn baba ńlá wọn, omi kì í ṣe ohun eré lásán. Ní Bùnú, ìgbàgbọ́ wà pé àwọn ẹbọra a máa gbé inú odò, inú igbó àti orí òkè, aṣọ funfun ni a sì fi ń bu ọlá fún wọn. Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé òyìnbó ni ó kọ́ Yorùbá ní ìgbafẹ́ nínú omi. Ọmọdé tí a rán lọ pọn omi, tí ó gbé ìkòkò sílẹ̀, tí ó lúwẹ̀ẹ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, kò gba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ àjèjì kankan. Pàṣán tí ìyá rẹ̀ fi ń dúró dè é nílé ni ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Odò Ọya gan-an kì í ṣe ibi tí ará Okun lè fi ọkàn balẹ̀ lọ gbafẹ́. Ọ̀nà tí ogun ń gbà wọlé ni. Àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà a máa kọjá rẹ̀ wá kó ènìyàn lẹ́rú, àwọn ará Okun a sì máa sá gun orí òkè àti inú ihò àpáta. Ní nǹkan bí ọdún 1860, Dókítà William Balfour Baikie tẹ ibùdó òwò dó sí Lọ́kọ́jà. Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther àti àwọn oníwàásù tirẹ̀ ti ń bá iṣẹ́ lọ ní Gbẹ́bẹ́, ní òdìkejì odò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Royal Niger Company gba gbogbo òwò odò náà mú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ gba Kàbà, níbi tí ọmọ ogun Tápà pàgọ́ sí, kí wọ́n tó lọ ṣẹ́gun Bídà. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1900, Lọ́kọ́jà ni Lugard ti gbé àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò mọ̀ pé ohun gbogbo tí ó ti dé bá ará Okun láti ìta, ìbáà ṣe ogun, ìbáà ṣe ìwé, ìbáà ṣe ìjọba, Odò Ọya ni púpọ̀ nínú wọn gbà wọlé. Iná mànàmáná náà ni ó tẹ̀ lé wọn.

Odò Ọya ní ìwà kan tí ó ṣọ̀wọ́n. Ní agbègbè Kàíńjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń kún lọ́dún. Òjò tí ó rọ̀ nítòsí, ní ìhà Sókótó àti ilẹ̀ Ìbàrìbá, ni ó ń fa ìkún àkọ́kọ́, láti nǹkan bí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá. Omi náà a rú, a ru ẹrẹ̀ bọ̀, a sì funfun bí omi tí a po ẹfun sí. Ìkún funfun ni wọ́n ń pè é. Ìkún kejì ti ọ̀nà jíjìn wá. Òjò tí ó rọ̀ ní orí òkè Futa Jalọn ní ilẹ̀ Gínì ni. Ó rin ìrìn oṣù púpọ̀. Nígbà tí ó bá dé ilẹ̀ Málì, a tàn ká inú irà ńlá kan, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ a rọ̀ sísàlẹ̀ níbẹ̀, omi tí ó bá jáde níhà kejì a sì mọ́ gaara, a dúdú lójú. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta ni ìkún dúdú yìí fi ń dé Nàìjíríà, àní nígbà tí ọyẹ́ ti mú, tí àwọn odò kéékèèké bí Òyì ti ń fà sẹ́yìn. Odò tí ó ń kún nínú ẹ̀ẹ̀rùn! Kò yani lẹ́nu pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tẹjú mọ́ ọn.

Ọdún 1962 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tí yóò bójú tó ìsédò lórí Odò Ọya sílẹ̀. Àjọ yìí ni wọ́n pa pọ̀ mọ́ àjọ mànàmáná ti tẹ́lẹ̀ ní 1972, tí ó fi di NEPA tí gbogbo ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀, fún rere àti fún búburú. Ní 1964, Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà ní 82 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ náà, owó gbogbo rẹ̀ sì tó nǹkan bí 209 mílíọ̀nù dọ́là nígbà tí wọ́n parí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Ítálì kan, Impregilo, ni ó ṣáájú nínú kíkọ́ dáàmù náà. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967 nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1968 ni wọ́n ti àwọn ilẹ̀kùn irin pa. Omi kò rí ọ̀nà lọ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, adágún ti kún. Gowon wá ṣí dáàmù náà ní oṣù kejì ọdún 1969, ìbọn ṣì ń ró ní ìhà ìlà-oòrùn. Ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́rin ni ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 80 mẹgawáàtì. Nígbà tí ó fi máa di 1978, wọ́n ti pé mẹ́jọ, agbára gbogbo wọn sì jẹ́ 760 mẹgawáàtì. Ààyè ẹ̀rọ 12 ni wọ́n fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Mẹ́rin tí ó kù kò dé.

Adágún náà gùn tó nǹkan bí 135 kìlómítà. Ibi tí ó fẹ̀ jù nínú rẹ̀ tó 30 kìlómítà, ẹni tí ó bá dúró létí rẹ̀ níbẹ̀ kò ní rí òdìkejì.

Ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò kì í béèrè. Ìlú Búsà àtijọ́ wà níbẹ̀. Ìlú yìí jẹ́ ìlú àwọn ọba Ìbàrìbá, ìyẹn àwọn tí ìtàn wọn àti ti Ọ̀yọ́ lọ́ mọ́ ara wọn. Níwájú ìlú náà ni àwọn àpáta wà lójú odò, tí omi ń fi ìbínú já lu. Ibẹ̀ ni Mungo Park, ọmọ Sìkọ́tìláǹdì tí ó fẹ́ mọ ibi tí Odò Ọya wọ̀ sí, ti pàdé ikú ní 1806 pẹ̀lú àwọn tí ó kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gbéra láti Búsà, wọ́n bá ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ títí wọ́n fi dé òkun, ìgbà náà ni àwọn ará Yúróòpù tó mọ òpin odò tí àwọn tí ń gbé etí rẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́. Àwọn àpáta Búsà kò sí lójú mọ́ báyìí. Ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ ń sáré kọjá lórí wọn, awakọ̀ kò sì mọ̀ pé òun ń kọjá lórí ibi tí ó gba ẹ̀mí Park. Kí omi tó dé, àwọn awalẹ̀pìtàn sáré wú ohun tí wọ́n lè wú nínú ilẹ̀ ní agbègbè Yẹ́lúwà, wọ́n sì rí àwọn ère amọ̀ tí ó ti pẹ́ ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Èyí tí wọn kò rí wà lábẹ́ omi títí di òní.

Ènìyàn tí ó tó 44,000 ni wọ́n kó kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Wọ́n kọ́ Búsà tuntun fún àwọn ará Búsà, wọ́n sì kọ́ abúlé púpọ̀ fún àwọn yòókù. Òótọ́ ni pé iye yìí kéré sí ti Gánà, níbi tí dáàmù Akosombo ti lé nǹkan bí 80,000 ènìyàn kúrò nílé ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta ṣáájú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń fi ìyà ẹlòmíràn tu ara rẹ̀ nínú. Ilé tuntun ní òrùlé tí ó dára. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni ojú oórì bàbá, igi ẹ̀mí tí ìyá àgbà gbìn, àti àkùrọ̀ tí ìkún odò ń bomi rin lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sì kojá àfẹnusọ pé, fún ọdún púpọ̀, wáyà iná ń kọjá lókè orí ọ̀pọ̀ abúlé tí a tún tẹ̀dó láti mú ìmọ́lẹ̀ lọ sí Èkó àti Kàdúná, nígbà tí fìtílà elépo ń jó nínú wọn.

Ní ti ẹja, ìtàn rẹ̀ ṣe ni láàánú díẹ̀. Nígbà tí omi bo igbó àti koríko, ohun jíjẹ pọ̀ fún ẹja, wọ́n sì bí sí i lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ní 1970, ẹja tí wọ́n pa nínú adágún náà tó nǹkan bí 28,000 tọ́ọ̀nù. Apẹja ti Nupe, ti Kébbí, ti Ìjọ pàápàá wá tẹ̀dó síbẹ̀. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, koríko inú omi ti jẹrà tán, ẹja tí wọ́n ń pa kò tó ìdámẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn apẹja kò padà sílé. Àwọ̀n wọn ń ṣe ojú kéékèèké sí i lọ́dọọdún. Àwọn onímọ̀ tí ìjọba àti àjọ àgbáyé kó jọ síbẹ̀ láti 1968 kọ gbogbo èyí sílẹ̀. Ibùdó ìwádìí wọn ni ó di ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹja inú omi aláìníyọ̀ ti orílẹ̀-èdè ní Búsà tuntun.

Ibi tí ìgbafẹ́ ti wọlé nìyí. Kí adágún tó wà ni wọ́n ti pààlà igbó ẹranko ní Bọ̀gú, ní 1962. Wọ́n pààlà òmíràn ní Zugurma ní 1971. Ní 1979, òfin ìjọba ológun pa àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n sì di Ọgbà Ẹranko Orílẹ̀-èdè ti Adágún Kàíńjì, èkíní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí fífẹ̀ rẹ̀ ju 5,300 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Adágún wà láàárín, Bọ̀gú wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Zugurma wà ní ìhà kejì. Àlejò a máa gba Wáwá wọ ibùdó Olí. Láti oṣù kejìlá títí di oṣù kẹfà ni ìgbà tí ó dára jù, nítorí pé koríko ti jóná, ojú ọ̀nà gbẹ, ẹranko sì ń wá mu omi. Nínú ibú Odò Olí ni àwọn erinmi ń gbé. Ní àárọ̀ kùtù, ihò imú àti etí nìkan ni wọ́n ń yọ sókè, bí ẹni pé òkúta mẹ́fà tàbí méje wà lójú omi, títí ọ̀kan yóò fi yanu. Àgbọ̀nrín oríṣiríṣi, ẹfọ̀n, ọ̀bọ, ọ̀nì àti ẹyẹ tí kò lóǹkà wà níbẹ̀. Kìnnìún wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fojú kàn án kí ó dúpẹ́. Àwọn tí ó bá fẹ́ràn omi a máa wọ ọkọ̀ lórí adágún, wọ́n a máa fi ìwọ̀ pẹja, wọ́n a sì lọ wo ògiri dáàmù àti ilé ẹ̀rọ.

Ó yẹ kí á sọ ọ́ bí ó ti rí: ìgbafẹ́ yìí kò fi ìgbà kan di ohun ńlá bí àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ti rò. Ọ̀nà jìn. Láti Kàbà, ènìyàn yóò la Ìlọrin àti Jẹ́bà kọjá, ọjọ́ kan gbáko ni. Nígbà tí ó sì di àwọn ọdún 2020, àwọn agbébọn ti sọ apá kan igbó Kàíńjì di ibùgbé, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ lọ wo erinmi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ti rí.

Àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Kí dáàmù tó wà, ìkún ọdọọdún a máa tàn wọ inú àkùrọ̀ láti Jẹ́bà dé Lọ́kọ́jà, yóò bu ọ̀rá sí ilẹ̀, yóò sì gbé ẹja kéékèèké wọ inú adágún kéékèèké tí wọ́n ti ń dàgbà. Lẹ́yìn 1968, ìkún náà rẹlẹ̀. Àwọn olùwádìí rí i láàárín ọdún díẹ̀ pé ẹja dínkù ní apá odò yìí, àkùrọ̀ tí omi kò dé mọ́ sì di ilẹ̀ gbígbẹ. Kò sí ẹni tí ó ka àwọn wọ̀nyí mọ́ àwọn tí a gba ilẹ̀ wọn, nítorí pé ilẹ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀. Omi rẹ̀ ni a gbà. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó ti gbàgbé ìkún a máa kọ́lé sí ọ̀nà omi. Ní 2012, àti ní 2022, Ọya àti Bẹ́núé kún papọ̀, wọ́n bo apá ńlá nínú Lọ́kọ́jà, wọ́n sì dí ọ̀nà tí ó lọ sí Àbújá. Lórí Bẹ́núé, àwọn ará Kamẹrúùnù ní dáàmù Lagdo láti 1982. Àdéhùn wà pé Nàìjíríà yóò kọ́ dáàmù tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní Adamawa láti gba omi rẹ̀ sílẹ̀. Wọn kò parí rẹ̀.

Ikú tún wà lórí adágún fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2021, ọkọ̀ onígi kan tí ó kó nǹkan bí 160 ènìyàn, tí ó ń lọ sí ọjà Wárà ní ìpínlẹ̀ Kébbí, là sí méjì lójú omi. Iye ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀ ju ohun tí ó lè gbà lọ púpọ̀púpọ̀. Òkú tí wọ́n rí kó lé ní 90. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àlejò tí ó wá gbafẹ́. Ọlọ́jà ni wọ́n, àti ìyá ọlọ́mọ. Àlejò tí ó bá wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni wọ́n ń fún ní ẹ̀wù ìléfòó kí ó wọ̀ sọ́rùn. Ẹni tí ń kọjá lójoojúmọ́ láti ra àgbàdo àti láti ta ẹja, ara rẹ̀ lásán ni ó fi ń kọjá. Bí a bá sọ pé ìgbafẹ́ lórí omi jẹ́ ohun tí kò ní láárí, níbí yìí ni a ti lè rí àṣìṣe náà: ibi tí ìgbafẹ́ bá ti fìdí múlẹ̀, a máa mú òfin ọkọ̀, ẹ̀wù ìléfòó àti àwọn òmùwẹ̀ agbanilà wá, àwọn ọlọ́jà pàápàá a sì rí i lò.

Nítòsí ìlú ńlá, ọ̀rọ̀ náà a máa rí bákan. Àwọn ará Ìbàdàn ní Ẹlẹ́yẹlé lórí Odò Ọ̀nà láti 1942, wọ́n sì ní Àṣẹ́jìrẹ́ lórí Odò Ọ̀ṣun láti 1972, lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Omi mímu ni wọ́n ṣe wọn fún. Igi tí wọ́n gbìn yí Ẹlẹ́yẹlé ká láti dáàbò bo omi rẹ̀ ti di ohun tí àwọn tí ń kọ́lé ń gé. Ní òkè ibẹ̀, nínú ọgbà IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, adágún kan àti igbó tí ó yí i ká ṣì wà bí wọ́n ti wà, nítorí pé odi yí wọn ká. Nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ kan wà, ẹ̀yà ẹ̀ga onírùngbọ̀n dúdú tí orí rẹ̀ pupa, tí John Elgood ti Yunifásítì Ìbàdàn fún ní orúkọ Ìbàdàn ní 1958. Kò sí níbòmíràn láyé àfi ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ní Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, dáàmù tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983 mú omi wá fún ìlú, ó sì mú àtọ̀sí ajá wá fún àwọn ará abúlé tí a tún tẹ̀dó sí etí rẹ̀, nítorí pé ìgbín kékeré tí ń gbé àrùn náà fẹ́ràn omi tí kò ṣàn. Ọmọdé tí ó lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń tọ ẹ̀jẹ̀.

Ilẹ̀ Okun ti ní tirẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn tí òfin ọdún 1976 dá àwọn àjọ ìdàgbàsókè agbègbè odò sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ètò bẹ̀rẹ̀ láti sé Odò Kámpè ní Òmì, ní ilẹ̀ Yàgbà. Dáàmù Òmì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà, lábẹ́ àjọ Odò Ọya ìsàlẹ̀ tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlọrin. Ìbomirin oko ni wọ́n ṣe é fún, pàápàá oko ìrẹsì ní agbègbè Èjìbà. Òkè wà níbẹ̀, igbó wà níbẹ̀, omi tẹ́jú. Kò sì jìnnà sí Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú, ará Kàbà lè lọ kí ó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan. Ìgbà dé ìgbà ni a ń gbọ́ pé ó yẹ kí ibẹ̀ di ibi ìgbafẹ́. Kò sí ohun tí ó burú nínú èrò yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè tí wọn kò bi ara wọn ní Kàíńjì ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn ní Òmì: ta ni ó ni ilẹ̀ tí omi bò, ta ni yóò gba owó lọ́wọ́ àlejò, ta ni yóò yẹ omi wò nítorí àtọ̀sí ajá kí ọmọ ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀, ọkọ̀ mélòó ni yóò wà níbẹ̀, ènìyàn mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbé. Àgbẹ̀ tí ó ń retí omi ní ẹ̀ẹ̀rùn àti àlejò tí ó fẹ́ kí adágún kún fọ́fọ́ lójú òun kò lè rí ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní 2010, òfin kan jáde tí ó dá àjọ HYPPADEC sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè àwọn àgbègbè tí iná omi ti ń jáde àti àwọn tí ọṣẹ́ rẹ̀ kàn. Kogi wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí dáàmù iná lórí ilẹ̀ rẹ̀. Omi tí ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó fi í sí i. Ọdún 2020 ni àjọ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti pé ọdún 52 nígbà náà tí omi ti bo Búsà.